Igi Tó Wà Lórí Tábìlì Ọ̀gá Ephraim

Bútà la ń ṣe níléeṣẹ́ wa. Bútà onírọ́bà, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù àti pupa. Bí ẹ bá ti ṣe àlùwàlá rí lágbègbè Ọ̀tà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ èmi Ruqoyah ló fi ìdérí sí bútà tí ẹ lò. Ohun tí gbogbo ayé ń gbé lọ sílé ìgbẹ́ ni mò ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, èmi fúnra mi kò sì rí àyè lọ sílé ìgbẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tí inú ò bá máa lọ́ mi.

Igi kan ló fà á. Igi pẹlẹbẹ ni, bí ọmọ orógùn. Wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn nídìí, orí tábìlì Ọ̀gá Ephraim, súpáfáísọ̀ wa, ló sì ń gbé. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn, igi kan ṣoṣo náà ló wà. Ẹni tí igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè dìde. Tí o bá gbà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "Madam, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé ìgbẹ́ yìí ni?" Gbogbo obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Lánlédì ni wọ́n ń pè mí.

N kò bínú sí wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ń ráyè ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n mọ̀ pé àìsàn ni. Iléeṣẹ́ wa kì í lé aláìsàn o, wọ́n kàn máa ń ní kó lọ sinmi nílé ni, ẹni tó bá sì ti lọ sinmi, wọn kì í pè é padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí Tamílọ́rẹ lọ sinmi nígbà tí ikọ́ ò fi í sílẹ̀. Tamílọ́rẹ ṣì ń sinmi dòní. Bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ yìí ni mo fi ń ra oògùn mi. Iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn náà ni mo fi ń tọ́jú àìsàn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tú irú okùn bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi tú u.

Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Inú á kàn lọ́ mi lójijì, n ó sáré, n ó sì rí ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí ilé rẹ̀ ní Ilo-Awela la jọ ń gbé. Àdìzát lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òkìrìkà ló ń tà ní Ṣàngó, kò sì sí àìsàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ó ní. "Mo ti ń wo ìwọ àti tíì onímílíìkì yẹn. Ṣúgà ló ba ìdí ẹ jẹ́."

Ó se àgbo. Àgbo náà korò débi pé ahọ́n mi kò mọ adùn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo mu ún tán ni inú mi bá ṣí bí ẹ̀rọ omi. Mò ń sáré lọ, mò ń sáré bọ̀, Ìyá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ó ń jáde nìyẹn! Jẹ́ kó jáde, ọmọ mi. Àìsàn ló ń lọ yẹn."

Bí mo bá ṣe ń yàgbẹ́ tó ni inú Ìyá ṣe ń dùn tó. Lọ́jọ́ tí ó bá dẹwọ́ díẹ̀, á fi kún àgbo. Ẹ má bá mi bú u. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, gbogbo wa níbí la sì gbà pé ohun tó bá ń tara èèyàn jáde, ibi ló ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń jáde lọ díẹ̀díẹ̀.

Iyana Iyesi ni mo ti ṣubú, níbi tí mo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé mi lọ síṣẹ́. Waliyullah, ọkọ mi, ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n fi kámẹ́rà tín-ínrín wo inú mi. Dókítà tó tọ́jú mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣọládé, fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí," ó ní. "Ìfun ńlá yín ló ti degbò nínú. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara pé kí wọ́n máa lé àrùn, ìfun yín ni wọ́n dojú kọ. Kì í ṣe ṣúgà, ẹ ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Ìgbà wo ló máa lọ, Dókítà?"

"Kì í lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń sùn. Oògùn ló ń mú un sùn. Ọjọ́ tí ẹ bá dá oògùn dúró lójijì, ó máa jí, tìbínú-tìbínú ló sì máa jí."

Ó fún mi ní oríṣi méjì. Ọ̀kan wà fún pípa iná tó ń jó lọ́wọ́, Dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìkejì ni n ó máa bá lọ. Ó ní kí n gbàgbé àgbo pátápátá. Ó tún ní oògùn àkọ́kọ́ yóò mú ojú mi wú, kí n má bẹ̀rù, yóò fà sílẹ̀ tó bá yá. N kò bẹ̀rù. Ta ni yóò bẹ̀rù ojú wíwú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dá?

Mi ò mọ̀ pé ojú yẹn ló máa kó mi sí wàhálà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò jáde. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní, "Lánlédì, o ti ń dán o! Kí lò ń jẹ ná?" Ládùúgbò, wọ́n ń kí Waliyullah pé ó ń tọ́jú ìyàwó. Kò sẹ́ni tó tún bi mí bí ara ṣe rí, ojú mi ti bá mi dáhùn. Ìyá náà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wo ikùn mi. Ọdún kejì tí mo dé ilé rẹ̀ nìyẹn, n kò sì tíì bímọ. Nígbà tó yá ni mo rí i tó ń ṣa aṣọ kéékèèké sọ́tọ̀ nínú òkìrìkà rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ, àti fìlà aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n hun.

"Ìyá, kì í ṣe oyún o," mo ní. "Oògùn ló wú mi lójú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "O ṣe dáadáa. A kì í pariwo rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré."

"Ìyá, mo ní kò sí oyún!"

"Mo ti gbọ́. Kò sí. Èmi náà sẹ́ oyún Waliyullah títí ó fi pé oṣù márùn-ún."

Bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ tó ni ó ṣe ń dá a lójú tó. Mo bá ní kí Waliyullah bá mi sọ fún un láti Abẹ́òkúta níbi tó ti lọ lẹ táìsì sílẹ̀ ilé. Ìyá gbọ́ tán lórí fóònù, ó ní ọkùnrin kì í tètè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ síbi tí oògùn mi wà, ọwọ́ mi bọ́ sófo.

"Mo ti kó wọn pamọ́," Ìyá sọ láti ibi tó ti ń gbálẹ̀. "Oògùn òyìnbó tó le tó báyẹn, ṣé o fẹ́ fi ba ọmọ jẹ́ ni? Bí o bá bí i tán, n ó kó o fún ẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún débi tí ikun fi bo ẹnu mi. Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi, ó ní bí oyún ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn, ẹkún kì í jìnnà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da ilé rú, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń nu ojú rẹ̀ jà?

Owó oṣù kò tíì wọlé tí n ó fi ra òmíràn. N kò sì lè tọrọ àyè lọ rí dókítà, torí àwẹ̀ Ramadan kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ọjà ló ń béèrè bútà. Lásìkò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń ti géètì iléeṣẹ́ pa ni, ẹnikẹ́ni kì í jáde títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí. Ní alẹ́, inú ilé tí wọ́n ti fi oògùn mi pamọ́ ni mò ń padà sí. Láàárọ̀, inú géètì. Mò ń retí pé kí ohun tó ń sùn nínú mi má tíì jí.

Ó jí. Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀rọ ń pariwo, bútà ń tò wá sọ́dọ̀ mi, inú mi sì lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Mo wo tábìlì Ọ̀gá Ephraim. Igi kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá gan-an kò sí níbẹ̀. Mo wo àwọn obìnrin yòókù, gbogbo wọn ló wà níjòókòó. Ta ló wá mú igi? Mo dìde.

"Lánlédì, níbo?" Bùkúnmi tó jókòó tì mí pariwo. "Igi ò sí lọ́wọ́ ẹ o! Line ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ o!"

N kò dá a lóhùn. Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ ni ilé ìgbẹ́ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì í pa láti inú.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá!"

"Ruqoyah, padà sí line." Ohùn Ọ̀gá Ephraim ni.

Ẹnu yà mí débi pé inú mi fi mí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. "Ọ̀gá, mi ò lè padà. Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mi ò lè dìde." Ó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. "Heart ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí. Wọ́n ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́, omi wá ń kó sí mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún mi lóògùn tí mo máa fi tọ omi náà dànù, láràárọ̀."

"Ṣé ẹ ò lò ó ni?"

"Báwo ni màá ṣe lò ó?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Èmi tí mò ń ṣọ́ yín nítorí ìtọ̀, kí n wá máa gbé igi kọjá níwájú yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan? Sunday nìkan ni mò ń lò ó. Òní ni ẹsẹ̀ mi ò wọ bàtà mọ́, ni mo bá lò ó. Ó sì ti pẹ́ jù. Èémí ò délẹ̀ mọ́."

Kí n má parọ́, àánú kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe mí, inú ló bí mi. Ọkùnrin tó fi igi há mi mọ́, ó ti fi igi kan náà há ara rẹ̀ mọ́. Mo sọ pé kó jẹ́ kí n pe èèyàn.

"Má pe ẹnikẹ́ni! Wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Ruqoyah, mo ní àwọn ọmọ nílé ìwé. Jẹ́ kí n mí díẹ̀, màá jáde."

N kò lè dúró de mímí rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ náà ni wọ́n ń da àwọn tí kò dára sí, bútà tó tẹ̀, báfù tó lanu, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdí tó jọ ìdí. Mo fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yọ, mo lọ́ sáàárín wọn, mo sì lóṣòó níbẹ̀ nínú oòrùn gbangba, èmi ọmọ ọlọ́mọ, ìyàwó ilé Waliyullah. Ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti ba yúnífọ́ọ̀mù mi jẹ́ títí dé orúnkún. Ojú tì mí débi tí mo fi fọwọ́ bo ojú mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Mo ṣì wà lórí ìlóṣòó nígbà tí mo gbọ́ gbì! nínú ilé ìgbẹ́.

"Ọ̀gá?"

Mímí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń dún bí ìkòkò tó fẹ́ hó.

Géètì wà ní títì, ilẹ̀kùn wà ní títì, èmi nìkan ló sì mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, mo lè fi bútà bu omi láti inú agbada omi tó wà nítòsí, kí n ṣan ara mi, kí n padà sídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ nǹkan kan nípa mi. Bí mo bá pariwo, gbogbo wọn ni yóò sáré wá, èmi ni wọn yóò sì kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Mo rántí Tamílọ́rẹ. Mo rántí pé oògùn tí n ó tún rà, iṣẹ́ yìí ni yóò rà á. Mímí inú ilé ìgbẹ́ dún, ó dáwọ́ dúró, ó tún dún.

"Ẹ gbà wá o!" Ohùn mi ya. "Ẹ gbà wá o!"

Bùkúnmi ló kọ́kọ́ dé. Ó rí mi, ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá wà nínú ẹ̀. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe é. Èmi, ìfun ni. Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn."

Jìbírílù tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló fi irin fọ́ ọ. Ọ̀gá Ephraim ti ṣubú sí ìdí ògiri, ètè rẹ̀ ti dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú tó fi ń dán. Igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bùkúnmi tú aṣọ tó ró sórí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi ró mi nídìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní géètì, ọlọ́dẹ ní òun ò ní ṣí i. "Nobody dey comot before closing. Na Oga Ephraim talk am."

"Na Oga Ephraim be dis!" Jìbírílù jágbe mọ́ ọn. "Open gate, my friend!"

Ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ kó bútà lọ sọ́jà ni wọ́n gbé wa sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ Ọ̀gá sílẹ̀, ó ń ju ọwọ́ pé rárá, bí òun bá dùbúlẹ̀, bí ẹni tó ń rì sómi ni. Mo bá jókòó, mo fi ẹ̀yìn mi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọjá Toll Gate, èmi àti ẹ̀ṣọ́ mi, láàárín páálí bútà, tí mò ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú egungun ẹ̀yìn mi. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dákẹ́.

Kò dákẹ́. Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi rọ́bà sí i tó ń gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò. Ìtọ̀ náà ń dà, ó ń dà, láìtọrọ igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń kán sínú apá mi. Dókítà Ṣọládé béèrè ẹni tó ní kí n dá oògùn dúró, mo kọjú sí ògiri. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bùkúnmi wá. Ó ní mánéjà kí wa. Ó ní mánéjà ní kí àwa méjèèjì lọ sinmi nílé dáadáa. Ọ̀gá Ephraim gbọ́ ọ láti inú ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn nímú. Ó wò mí, ó sì di ojú.

Ìyá ló dé kẹ́yìn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ó rí àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, ó rí yúnífọ́ọ̀mù mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ké.

"Yéè! Ó ti bàjẹ́! Ọmọ mi ti lọ!"

"Ìyá, kò sí oyún," Dókítà ní.

"Mo mọ̀ pé kò sí mọ́! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi nìyẹn!"

"Kò sí rí, Ìyá," mo ní. "Kò fìgbà kan sí. Àìsàn ló jí. Oògùn tí ẹ kó pamọ́ ló ń mú un sùn."

Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò bóyá ó ti gbó. "Ojú yìí ńkọ́?"

"Oògùn náà ni."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ki ọwọ́ bọ àyà, ó sì fa fìlà aláwọ̀ ìyeyè yẹn yọ, èyí tí wọ́n hun. Ó ti so ẹnu rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ó tú u, oògùn mi sì dà jáde sórí ibùsùn. Inú fìlà ọmọ ló kó wọn pamọ́ sí.

"Ìgbà wo lo máa lò ó tán?" ó ní.

"Mi ò ní lò ó tán, Ìyá."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Inú mi tún lọ́. Mo dìde. Ìyá fi ọwọ́ kan gbá mi mú, ó fi èkejì gbé irin tí àpò ẹ̀jẹ̀ so mọ́, a rọra ń lọ títí a fi dé ilé ìgbẹ́ ọsibítù náà. Bútà aláwọ̀ ewé kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú tiwa. Mo wọlé. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń dúró sí nílé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pàtẹ́wọ́.